Kí ni «pieradīsi»?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ mi ń kàwé ní Riga, ní Látfíà. Ó ráhùn òtútù létí obìnrin tó ń ta búrẹ́dì dúdú fún un, ìyẹn ní: "Pieradīsi." Kí ló ń wí? — Ìyá Dàmọ́lá, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Màmá, ìtùnú ni: "Yóò mọ́ ẹ lára." Pierast ni ọ̀rọ̀ ìṣe náà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Lọ́dọ̀ wa, òtútù ló ń mọ́ni lára, lọ́dọ̀ tiwọn, èèyàn gan-an ló ń ṣe é: "Es pieradu pie aukstuma", ìyẹn "òtútù ti mọ́ mi lára", ṣùgbọ́n "es" (èmi) ló ṣe é. Èmi náà gbé Riga rí. Lóṣù Kejìlá, oòrùn ti máa ń wọ̀ kí aago 4 ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ọdún kejì ni mo tó lè sọ "pieradu" láìpurọ́. Ẹ bá a wá ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn ránṣẹ́.