Kí o tó gbé sólà wọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ

Àbúrò mi, o ní o ti tọ́jú ₦900,000, pé ọkùnrin kan fẹ́ wá gbé sólà alápòótí, èyí tí wọ́n kó ínfátà àti bátìrì pọ̀ sínú àpótí kan, sí ṣọ́ọ̀bù rẹ l'Ábẹ́òkúta. Ó ní yóò máa gbé ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, áyọ́ọ̀nù, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ dalẹ́. Ọkọ rẹ ní kí o mú sùúrù, pé ìjọba ń tún ọ̀rọ̀ iná ṣe. O wá ń bèèrè pé ta ni kí o gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Má tíì san kọ́bọ̀. Mo ti dé ibi tí o wà yìí rí, owó tó sì ju ìdajì èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ lọ ni mo fi kọ́ ọgbọ́n tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí.

Ìbàdàn ni mo ti ń ránṣọ, ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún. Mo ní ẹ̀rọ industrial méjì, wíífù kan (ẹ̀rọ tí a fi ń dí etí aṣọ), áyọ́ọ̀nù, fáànù àti gílóòbù mẹ́rin, pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta. Jẹnẹrétọ̀ ni a fi ń ṣiṣẹ́, lítà epo márùn-ún ló ń mu lójúmọ́. Nígbà tí lítà kan kò tíì tó ₦200, mo máa ń ráhùn, àmọ́ mo ń rà á. Ìgbà tó di ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu dúró ní Eagle Square, ó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, epo ti fẹ́ wọ ₦500. Ṣírò ó: lítà márùn-ún, ọjọ́ mẹ́fà, ₦15,000 lọ́sẹ̀ kan, oníbàárà tó sì gbé aṣọ ẹbí wá kò fẹ́ gbọ́ ìtàn epo lẹ́nu aránṣọ.

Ìbẹ̀rù ló gbé mi lọ sọ́jà. Nínú oṣù kẹjọ ọdún náà ni mo bá ẹni tó ta sólà fún mi pàdé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Èló ló wà lọ́wọ́ yín, Mà?" Mo sì dá a lóhùn! Kò bi mí pé kí ni mò ń lò, kò bi mí pé wákàtí mélòó ni mò ń ṣiṣẹ́ lóòjọ́. Iye tí mo pè ló fi kó ẹrù jọ fún mi: ínfátà 1.5kVA kan, bátìrì tubular kan (irú bátìrì olójé tí a ń rọ omi sí) tí wọ́n kọ 220Ah sí lára, àti pánẹ́ẹ̀lì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 250 wáàtì. ₦540,000 ni gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú owó iṣẹ́.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn bí oyin. Mo ń yọ àwọn ará ìlà wa lẹ́nu, mo ń ní kí wọ́n pa jẹnẹ wọn, ariwo ti pọ̀ jù. Nígbà tí aṣọ ọdún Kérésì dé, ínfátà bẹ̀rẹ̀ sí ké pínpín láti ọ̀sán, tó bá di aago mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ á kú. Nínú oṣù kẹta ọdún 2024, bátìrì náà kò lè gbé fáànù fún wákàtí kan mọ́. Mo pe ẹni tó tà á. Ó ní, "Mà, ẹ ò lò ó bó ṣe yẹ ni." Inú bí mi débi pé mo gé fóònù mọ́ ọn létí. Ohun tó dùn mí jù lẹ́yìn náà ni pé, pẹ̀lú gbogbo ìrẹ́jẹ tó ṣe fún mi, ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn ní òótọ́ nínú.

Ọmọ mi ọkùnrin ló là mí lójú. SS2 ló wà nígbà náà. Ó ti pẹ́ tó ti ń ké e bí orin nínú ìwé Físíìsì rẹ̀ pé ámpù ní ìlọ́po fólítì ni wáàtì, ó sì gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá níbẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un rí ní ilé ẹ̀kọ́ pé bátìrì tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀ ni orin yẹn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. (Ìyẹn ló ń bí mi nínú nígbà tí àwọn èèyàn bá ń jiyàn lórí bóyá ọmọ yege tàbí kò yege WAEC. Ọmọ lè yege, kó máà mọ ohun tó wà nínú ilé rẹ̀.) Ní ọjọ́ Sunday kan, a jókòó, a yí gbogbo ẹ̀rọ dojú bolẹ̀, a ń ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn wọn.

Wo ohun tí a rí. Bátìrì 220Ah (Ah ni ámpù ní ìlọ́po wákàtí), fólítì 12: tí o bá fi wọ́n di ìlọ́po, 2,640 ni. Ìyẹn ni pé bí ohun kan bá ń jẹ 2,640 wáàtì, wákàtí kan ni bátìrì yóò fi gbé e, yóò sì gbẹ. Ṣùgbọ́n bátìrì olójé kò gbọdọ̀ gbẹ. Tí o bá ń fà á tán lójoojúmọ́, nǹkan funfun kan á máa dì bí iyọ̀ mọ́ ara àwọn àwo òjé inú rẹ̀. Bó bá ti pẹ́, kò ní í yọ́ mọ́, ibi tó dì sí yẹn ti kú nìyẹn. Nítorí náà, ìdajì ni kí o fi ọkàn sí pé o ní: 1,320. Áyọ́ọ̀nù mi nìkan, 1,000 ni wọ́n kọ sí i lára. Òótọ́ ni pé áyọ́ọ̀nù máa ń kú fúnra rẹ̀ tó bá ti gbóná tó, á tún tàn padà, àmọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tí ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ti ń já a gbà lọ́wọ́ ara wọn, kì í sinmi. Kí wákàtí méjì tó kọjá, a ti jẹ ẹ̀tọ́ wa tán, a ti ń jẹ ara bátìrì.

Ẹ̀rọ ìránṣọ tún wá ṣe tirẹ̀ sí i. Àwọn industrial mi méjèèjì, mọ́tò clutch ló wà nídìí wọn, 400 wáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́tò yẹn, tí o bá ti tẹ bọ́tìnì rẹ̀, ó ti ń yí nìyẹn, bí o ránṣọ bí o ò ránṣọ. Ẹsẹ̀ tí o fi ń tẹ̀ ẹ́ kàn ń so ó mọ́ orí ẹ̀rọ ni. O lè máa fi téèpù wọn èèyàn lọ́wọ́, o lè máa bá oníbàárà jà lórí owó, mọ́tò ń hó nídìí tábìlì, iná ń lọ. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ń gbọ́ híhó yẹn, mi ò mọ̀ pé owó ló ń sọ̀rọ̀. Mo yọ méjèèjì, mo fi mọ́tò servo sí i. Servo kì í yí àfi tí ẹsẹ̀ rẹ bá tẹ̀ ẹ́. Nínú gbogbo owó tí mo ná lórí ọ̀rọ̀ iná yìí, ti servo ló kéré jù, òun náà ló sì ṣe mí lóore jù. Tí ti tìrẹ bá jẹ́ clutch, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kódà bí o bá fẹ́ máa lo jẹnẹ lọ.

Àṣìṣe tó kù, díẹ̀ jẹ́ tèmi, díẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ta ọjà. Bátìrì yẹn, èmi àti ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo la gbé e wọlé láìmí gúlegúle. Réwáyà àgbà kan ló sọ fún mi nígbà tó yá pé tubular 220Ah gidi, tí omi rẹ̀ bá ti wà nínú rẹ̀, ó ń sún mọ́ ọgọ́ta kílò tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé ọkùnrin méjì ló máa ń mí lé e. Èèyàn lè tẹ ohunkóhun tó bá wù ú sára ike bátìrì, ṣùgbọ́n òjé kì í parọ́ lórí ìwọ̀n. Tèmi tó jẹ́ ẹ̀bi gidi ni ti omi. Omi inú bátìrì náà ń fà, ọmọ iṣẹ́ mi kan rí i, ó já ọ̀rá piọ́ wọ́tà, ó rọ ọ́ sí i. Kò mọ̀, èmi náà ò mọ̀. Omi tó ṣeé mu ní àwọn nǹkan tó yọ́ sínú rẹ̀ tí kò pa èèyàn lára, tó sì ń ba bátìrì jẹ́. Omi bátìrì tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ ni kí a rọ sí i.

Pánẹ́ẹ̀lì kò fún mi ní wàhálà púpọ̀, àyàfi igi máńgòrò ilé kejì. Láti aago méjì lọ, òjìji igi náà máa ń bo pánẹ́ẹ̀lì kan. Mo rò pé ọ̀kan tó kù á máa ṣiṣẹ́ lọ, àfi ìgbà tí wọ́n ṣàlàyé fún mi pé nítorí pé wọ́n so àwọn méjèèjì tẹ̀ léra, èyí tó wà nínú òjìji ló ń fa ẹnì kejì sẹ́yìn. A gbé wọn kúrò níbẹ̀, a dojú wọn kọ gúúsù, a dagun wọn díẹ̀ kí òjò lè máa fọ eruku ọyẹ́ kúrò lára wọn. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oòrùn tó ń jó ni lára tàn ọ́ jẹ. Ìmọ́lẹ̀ ni pánẹ́ẹ̀lì ń jẹ, ooru ń dín agbára rẹ̀ kù ni. Ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ kedere lẹ́yìn òjò, tí atẹ́gùn tútù sì ń fẹ́, ni tèmi máa ń ṣiṣẹ́ jù.

Ká wá bọ́ sórí àpótí tí wọ́n fẹ́ tà fún ọ. O ní 2kVA ni ọkùnrin náà ń pè é. Ẹnu ni kVA. Ó ń sọ bí òkèlè tó lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ṣe tóbi tó. Ikùn ni bátìrì, ọkùnrin yẹn kò sì tíì sọ fún ọ bí ikùn náà ṣe tó. Àpótí tí ẹnu rẹ̀ tóbi tí ikùn rẹ̀ kéré ló kún ọjà báyìí, wọ́n sì dì í pa kí o má bàa rí inú rẹ̀. Bi í pé: bátìrì wo ló wà nínú rẹ̀, fólítì mélòó, Ah mélòó? Tí kò bá lè dáhùn, tàbí tó bá ní "Mà, ẹ fọkàn balẹ̀, ó máa gbé e", jẹ́ kó gbé àpótí rẹ̀ lọ.

Bátìrì lithium ni mo ń lò báyìí, fólítì 25.6, 100Ah. Tí o bá ṣírò rẹ̀, 2,560 ni, kò tó iye tí wọ́n kọ sára bátìrì mi àkọ́kọ́. Àmọ́ èyí, mo lè lo púpọ̀ jùlọ nínú rẹ̀ láìsí pé ó ń kú lọ, kò sì ń mu omi. Àjọ ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kó lé e lórí, mo sì ta ínfátà àtijọ́ nítorí pé fólítì wọn ò bára mu. Bẹ́ẹ̀ náà, áyọ́ọ̀nù kò tíì wọ inú rẹ̀. Láàárín aago mọ́kànlá sí méjì ọ̀sán tí oòrùn bá dúró dáadáa ni a ń lọ aṣọ, nígbà tí pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tí mo ní báyìí ń ti bátìrì lẹ́yìn, tàbí nígbà tí NEPA bá mú iná wá. Ìgbà tó kù, áyọ́ọ̀nù ẹléèédú ni. Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè máa rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣáà máa gbọn eérú rẹ̀ nù kó tó kan léèsì, mo ti san owó léèsì kan rí.

Ní ti ọkọ rẹ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣeé jù nù. Lọ wádìí bóyá Band A, ìyẹn ìpele àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná jù fún, ni wáyà tó wọ àdúgbò rẹ. Nínú oṣù kẹrin ọdún 2024 ni NERC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná, gbé owó iná wọn láti nǹkan bí ₦68 lọ sí ₦225 fún yúnìtì kan, pẹ̀lú àdéhùn wákàtí ogún lójúmọ́. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Yúnìtì kan ni áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì tó fi gbogbo wákàtí kan gbóná láìkú. Aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì wa wà lórí Band A, ó ń pariwo owó mítà, àmọ́ kò ra lítà epo kan mọ́ láti ìgbà yẹn. Tí tìrẹ bá rí bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń mú iná wá ní tòótọ́, ínfátà àti bátìrì kékeré tí yóò máa gbé ẹ̀rọ àti fáànù fún wákàtí mẹ́rin tí kò sí iná ti tó ọ, má ra pánẹ́ẹ̀lì kankan.

Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mi ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Òfin iná ti ọdún 2023 fún ìpínlẹ̀ láṣẹ láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ iná wọn, mo sì dúpẹ́ pé Èkìtì àti Oǹdó tètè gbà á mú. Òfin ń yára rìn ju wáyà lọ ni. Ìjọba kan náà ni mínísítà rẹ̀ tún sọ nínú ọdún 2025 pé àwọn ń rò ó láti dá kíkó pánẹ́ẹ̀lì wọlé láti òkè òkun dúró, kí a lè máa ṣe tiwa. Ta ni kò fẹ́ kí a máa ṣe tiwa? Àmọ́ kí wọ́n jẹ́ kí tiwa kọ́kọ́ kún ọjà ná.

Nítorí náà, kí ọkùnrin yẹn tó dé, kọ gbogbo ohun tó ń lo iná nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú wáàtì tó wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan àti iye wákàtí tí o ń lò ó. Sọ fún mi bóyá ẹ̀rọ rẹ ń hó nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ kò sí lórí rẹ̀. Tí nọ́ńbà ara áyọ́ọ̀nù bá ti pa rẹ́, kọ 1,000 sí i.