Kí ló dé tí n kò fi lè kọ NaCl₂?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Tíṣà wa ní ká mú kí apá méjèèjì ìdọ́gba yìí bára mu: Na + Cl₂ → NaCl. Mo rí i pé kílórínì méjì ló wà lápá òsì, ẹyọ kan lápá ọ̀tún, ni mo bá sọ NaCl di NaCl₂. Wọ́n fagi lé e. Kí ló burú níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi ṣàlàyé NaCl, NaClO àti NaClO₃, torí wọ́n jọra jù lójú mi.

Ìdáhùn: Ìbéèrè méjì lo bi mí, àmọ́ ibì kan náà ni ìdáhùn wọn wà. Nọ́ńbà kékeré tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà kì í ṣe tìrẹ láti yí. Òun ló ń sọ irú nǹkan tó wà níwájú rẹ. Nọ́ńbà ńlá tó ń ṣáájú nìkan la fi lé ọ lọ́wọ́.

Wo sódíọ̀mù, ìyẹn Na. Ẹlẹ́ktrọ́ọ̀nù (ohun tíntìntín tó wà lóde átọ́ọ̀mù) kan ṣoṣo ló rọrùn fún un láti yọ̀ǹda. Kílórínì ní méje lóde, ẹyọ kan péré ló ń wá kó lè pé mẹ́jọ. Ọ̀kan fún, ọ̀kan gbà, ọ̀rọ̀ parí. Ta ni yóò wá fún kílórínì kejì inú NaCl₂ rẹ ní tirẹ̀? O ò lè bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ìgò kankan ní yàrá àyẹ̀wò.

Ohun tó yẹ kí o ṣe ni kí o fi 2 síwájú NaCl. Kílórínì ti dọ́gba, àmọ́ sódíọ̀mù ti di méjì lápá ọ̀tún, torí náà fi 2 síwájú Na pẹ̀lú:

2Na + Cl₂ → 2NaCl

Gbé e lé ìwọ̀n: gíráàmù 46 sódíọ̀mù àti 71 kílórínì yóò fún ọ ní 117 iyọ̀. Lavoisier, ará Faransé, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1789 pé ohun tó wọlé náà ló gbọ́dọ̀ jáde. Òfin yẹn là ń tẹ̀ lé, kì í ṣe pé à ń to nọ́ńbà kó lè wuyì.

Ti irin ló máa ń dààmú àwọn akẹ́kọ̀ọ́: Fe + Cl₂ → FeCl₃. Méjì lápá kan, mẹ́ta lápá kejì. Wá nọ́ńbà tí 2 àti 3 jọ lè pín, ìyẹn 6. Kílórínì á di 3Cl₂, iyọ̀ irin á di 2FeCl₃, lẹ́yìn náà ni wàá wá kọ 2Fe. Èmi máa ń fi èyí tó dá dúró bíi Fe sẹ́yìn pátápátá, torí bó o bá yí nọ́ńbà rẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn tó máa dàrú.

Ó ku àwọn mẹ́ta tó jọra lójú rẹ. NaCl là ń fi sínú oúnjẹ. Fi ọ́síjìn kan kún un, ó di NaClO, èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú bílíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Bí ọ́síjìn bá di mẹ́ta, NaClO₃ nìyẹn: wọ́n ti ń fi pa koríko, ó sì máa ń mú kí iná ràn burúkú. Ṣé o wá rí ìdí tí tíṣà fi fagi lé tìrẹ?

Ẹ má ṣe da bílíìṣì pọ̀ mọ́ ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ o:

NaClO + 2HCl → NaCl + H₂O + Cl₂

Cl₂ tó jáde yẹn ni gáàsì tí àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ ní Ypres, ìlú kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Gbìyànjú èyí fúnra rẹ. Bí kílórínì bá wọ inú omi NaOH (sódà tí a fi ń se ọṣẹ) tó tutù, NaClO ló ń bí. Bí omi náà bá gbóná tó sì ki, NaClO₃ ni:

Cl₂ + NaOH → NaCl + NaClO₃ + H₂O

Má fọwọ́ kan kílórínì ná. Ara ọ́síjìn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, torí NaClO₃ nìkan ti gba mẹ́ta, omi náà sì ń fẹ́ tirẹ̀. Bí o bá rí 3, 6, 5, 1, 3, o ti gbà á.