Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé: Ta Ni Ọmọbìnrin Jámánì Tó Ń Fi Kùmọ̀ Jó?

Lẹ́tà tí a rí gbà lórí eré jímínásíìkì oníjó pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Eré yìí ni èyí tí àwọn obìnrin máa ń fi òrùka ńlá, bọ́ọ̀lù, kùmọ̀ méjì tàbí ríbọ́ọ̀nù ṣe lórí kápẹ́ẹ̀tì, tí orin á sì máa dún sí i. A yan lẹ́tà mẹ́rin, nítorí pé ẹnì kan náà ni gbogbo wọn fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀.

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi fi fídíò ọmọbìnrin kan hàn mí tí ó ju kùmọ̀ méjì sókè, tí ó yí ara po lẹ́ẹ̀mejì nílẹ̀, tí ó sì hán wọn láì wòkè rárá. Wọ́n ní ará Jámánì ni, àmọ́ orúkọ rẹ̀ kò jọ ti Jámánì létí mi. Ta ni, báwo ló sì ṣe dé ibẹ̀? (Òǹkàwé kan, Àkúrẹ́)

Darja Varfolomeev ni orúkọ rẹ̀, etí yín kò sì tàn yín jẹ. Ìlú Barnaul ní Sìbéríà, lórílẹ̀-èdè Rọ́ṣíà, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 2006, ó sì jẹ́ ọmọ ọdún 3 péré nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ eré náà. Bàbá rẹ̀ àgbà jẹ́ ará Jámánì, okùn ìbí yẹn ni ó sì ṣí ọ̀nà fún un láti di ọmọ ìlú níbẹ̀. Ní ọdún 2019, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Schmiden ní ìlú Fellbach, lẹ́bàá Stuttgart, níbi tí ẹgbẹ́ Jámánì ti ń gbaradì. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà náà. Àwọn òbí rẹ̀ kò bá a lọ lẹ́sẹ̀kan náà, ẹ̀yìn-ọ̀rẹyìn ni wọ́n wá bá a, kò sì gbọ́ èdè àwọn tí ó lọ bá. Kí òbí tí ó bá ń ka èyí fi ọmọ tirẹ̀ wò ó.

Ẹni tí ó gbà á sọ́dọ̀ ni Yulia Raskina, olùkọ́ tí ó jẹ́ ará Bẹ̀lárùùsì, ìtàn obìnrin yìí gan-an sì tó kọ lọ́tọ̀. Ní Òlíńpíìkì Sydney, ọdún 2000, Alina Kabaeva ará Rọ́ṣíà ni gbogbo ayé ń retí pé kí ó gba wúrà, àfi bí òrùka rẹ̀ ṣe yí gbirigbiri jáde kúrò lórí kápẹ́ẹ̀tì. Yulia Barsukova, ará Rọ́ṣíà bákan náà, gba wúrà, Raskina gba fàdákà, Kabaeva sì ṣe ìkẹta. Ọdún 24 ni Raskina dúró kí wúrà Òlíńpíìkì tó wọ agboolé rẹ̀, ọwọ́ ọmọ tí ó kọ́ ni ó sì gbà wọlé.

Ọmọ náà kò jẹ́ kí ó pẹ́. Ní ọdún 2022, tí ó kọ́kọ́ bá àwọn àgbà díje ní ìdíje àgbáyé ní Sofia, ó gba wúrà nínú kùmọ̀ nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 16, ó sì ṣe ipò kejì nínú ìdíje àpapọ̀, èyí tí a ti ń ro máàkì ohun èlò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Sofia Raffaeli ará Ítálì ni ó ṣíwájú rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 2023 ní Valencia, kò fi wúrà kankan sílẹ̀ fún ẹlòmíràn nínú ìdíje adáṣe: òrùka, bọ́ọ̀lù, kùmọ̀, ríbọ́ọ̀nù àti ìdíje àpapọ̀, márààrún ni ó kó lọ sílé. Paris ni wọ́n ti wá fi wúrà Òlíńpíìkì kọ́ ọ lọ́rùn ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 2024, àwọn akọ̀ròyìn eré ìdárayá Jámánì sì dìbò yàn án ní akọni obìnrin ọdún náà. Ní ọdún 2025, ní Rio de Janeiro, ó tún gba ìdíje àpapọ̀ àgbáyé.

Paris ni gbogbo ènìyàn ń sọ, ṣùgbọ́n lójú tèmi, Valencia ni iṣẹ́ rẹ̀ tí ó tóbi jù. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó jáde sórí kápẹ́ẹ̀tì nínú ìpele àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú àṣekágbá ohun èlò kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú ìdíje àpapọ̀; ìgbà 12 nìyẹn. Ìjáde kan kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ lọ. Ìyẹn ni pé odindi iṣẹ́ ọdún kan rọ̀ mọ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 18, ó sì wà nínú ìṣẹ́jú 18 náà pé kí kùmọ̀ kan ṣoṣo yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo rí i pé máàkì 142.850 ni wọ́n fún un ní Paris. Ta ló ń fúnni ní irú máàkì bẹ́ẹ̀, kí sì ni nǹkan tó bá bọ́ sílẹ̀ ń náni? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìlọrin)

Ìjáde mẹ́rin ni wọ́n ro pọ̀, nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí 35.7. Àwọn adájọ́ kì í wo ohun kan náà. Àwọn kan ń ka iṣẹ́ tí ó fi ara ṣe: fífò, dídúró lórí ẹsẹ̀ kan, yíyí bí òòyì lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn ń ka ọgbọ́n tí ó fi ohun èlò dá, àwọn kan ń wo bí ijó náà ṣe bá orin lọ, àwọn tí ó kù kò sì ní iṣẹ́ méjì ju kí wọ́n máa wá àléébù. Máàkì iṣẹ́ ara àti ti ohun èlò kò ní òdiwọ̀n lókè, bí ọwọ́ rẹ bá ti yá tó ni o ó gbà tó. Ti ijó àti ti àléébù ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti orí 10, tí wọ́n sì ń yọ díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀.

Ohun èlò tí ó bọ́, tí eléré sì mú un níbi tí ó dúró sí, 0.50 ni wọ́n yọ. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ kan tàbí méjì kí ó tó mú un, ó di 0.70, bí ó bá sì sáré tọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 1.00 ti lọ. Kò tán síbẹ̀, torí wọn kì í ka iṣẹ́ tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí nǹkan bọ́. Boryana Kaleyn ará Bùlùgáríà, tí ó gba fàdákà ní Paris, gba 140.600. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 142.850, ẹ ó rí i pé ìjábọ́ burúkú méjì tàbí mẹ́ta péré ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ohun tí ọmọ wọn ní Àkúrẹ́ rí nínú fídíò ni jíjù tí ó léwu jù: eléré á ju ohun èlò sókè, á yí ara po ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó balẹ̀, á sì hán an, bóyá lẹ́yìn tàbí lábẹ́ ẹsẹ̀. Ìyípo tí ó bá lé ní méjì ń fi máàkì kún un. Ríbọ́ọ̀nù ni wàhálà jù. Mítà 6 ni gígùn rẹ̀ fún àwọn àgbà, atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù inú gbọ̀ngàn lásán sì tó láti gbé e kúrò lójú ọ̀nà.

Mo bọ̀wọ̀ fún ọmọ náà, ṣùgbọ́n àwọn ará Rọ́ṣíà kò sí ní Paris. Ṣé a kò máa pariwo lórí ìṣẹ́gun tí kò pé? (Òǹkàwé kan, London)

Òótọ́ ni pé wọn kò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì kéré. Láti Sydney títí dé Rio, ọdún 2016, Rọ́ṣíà nìkan ni ó ń gba wúrà adáṣe ní Òlíńpíìkì, ìgbà márùn-ún léraléra. Ogun Ukraine ni ó mú kí wọ́n lé wọn kúrò nínú ìdíje àgbáyé ní ọdún 2022.

Síbẹ̀, kí wọ́n tó lé wọn ni okùn náà ti já. Ní Òlíńpíìkì Tokyo, ọdún 2021, Linoy Ashram ará Ísírẹ́lì gba wúrà lójú Dina Averina ará Rọ́ṣíà, inú sì bí àwọn ará Rọ́ṣíà sí ìdájọ́ náà gidigidi. Ẹ̀wẹ̀, kí ogun tó dé ni Darja ti lọ sí Jámánì. Èmi kò lè sọ fún yín pé ì bá borí Averina, ẹni tí ó bá sì sọ pé kì bá borí náà ń méfò lásán ni. Ẹni tí ó wá ni à ń bá díje. Raffaeli tí ó ṣíwájú rẹ̀ ní Sofia wà ní Paris, máàkì 136.300 ni ó fi gba idẹ.

Ọmọ mi obìnrin pé ọdún 9, ó ní òun náà fẹ́ ṣe é. Ṣé kò tíì pẹ́ jù, ọdún mélòó sì ni wọ́n ń lò nídìí rẹ̀? (Ìyá kan, Ìbàdàn)

Ẹ má bínú, ìyá wa, n kò ní fi oyin sí i. Ní ọdún 9, irú Darja ti lo ọdún 6 nídìí rẹ̀, eegun àti iṣan sì ti gba kíkọ́. Ọdún tí ọmọ bá pé 16 ni ó ń wọ ẹgbẹ́ àwọn àgbà, kì í sì í pẹ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Margarita Mamun ará Rọ́ṣíà gba wúrà ní Rio ní ọmọ ọdún 20, ó sì fi eré sílẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ashram náà fi í sílẹ̀ láìpẹ́ sí Tokyo. Yevgenia Kanaeva ará Rọ́ṣíà nìkan ni ó tíì gba wúrà adáṣe Òlíńpíìkì lẹ́ẹ̀mejì, ní 2008 àti 2012, ọmọ ọdún 22 ni nígbà tí ó pa idán rẹ̀ pọ̀. Darja yóò jẹ́ ọmọ ọdún 21 nígbà tí Òlíńpíìkì Los Angeles bá dé ní 2028. Kí ó tó dìgbà náà, ìdíje àgbáyé ti ọdún 2026 wà ní Frankfurt, ní ojúde rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ọmọ máa díje fún wúrà yàtọ̀ sí kí ara rẹ̀ yá. Bọ́ọ̀lù rọ́bà tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 18 sí 20 ti tó o láti fi bẹ̀rẹ̀: ẹ ní kí ó máa yí i láti ọwọ́ ọ̀tún, gba àyà, dé ọwọ́ òsì, láì fi ìka mú un rárá. Okùn tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń fò lójúde náà ti wà lára ohun èlò adáṣe àwọn àgbà rí, kò tíì pé ogún ọdún tí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ẹ tẹ́ nǹkan rírọ̀ sílẹ̀ fún un, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ ya nílẹ̀ nítorí ohun tí wọ́n rí nínú fídíò.