Omi púùlù tí kì í yéé di ọbẹ̀dò: ẹ wọn cyanuric acid kí ẹ tó tún da chlorine sí i

Ẹ ní hóró chlorine kì í wọ́n nínú púùlù yín, ẹ tún ń da lẹ́búlẹ́bú lé e lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, síbẹ̀ kì í pẹ́ tí omi fi ń padà di ọbẹ̀dò. Ìwé àyẹ̀wò tí ẹ ń tì bọ omi sì ń sọ pé 3 ppm wà níbẹ̀, ìyẹn gíráàmù mẹ́ta chlorine nínú lítà 1,000 omi. Ìwé yẹn kò parọ́ o. Chlorine wà níbẹ̀, àmọ́ nǹkan kan ti dè é lọ́wọ́.

Kí n tó lọ síwájú: ẹ má jẹ́ kí hóró àti lẹ́búlẹ́bú yẹn fojú kanra láé. Trichlor ni hóró, calcium hypochlorite ni lẹ́búlẹ́bú. Bí méjèèjì bá pàdé nínú skimmer, ìyẹn ihò ara ògiri tó ń fa ìdọ̀tí ojú omi, tàbí nínú ike tó ń léfòó, pàápàá bí ọ̀rinrin bá wà níbẹ̀, wọ́n lè gbiná tàbí kí wọ́n bú gbàmù. Ife tí ẹ fi bu ọ̀kan, ẹ má fi bu èkejì. Ásíìdì náà kò gbọdọ̀ kan chlorine kankan, gáàsì tó ń pani ló ń tibẹ̀ jáde.

Ó yá, ohun tó de chlorine yín ni cyanuric acid, tí àwọn tó ń tọ́jú púùlù ń pè ní stabilizer. Inú hóró gan-an ló ti ń wá. Bí trichlor bá fún omi ní chlorine 10 ppm, á fi cyanuric acid bíi 6 ppm kún un. Chlorine á jà, á tán; cyanuric acid ò ní tibì kan lọ. Asẹ́ kò lè mú un, bí oòrùn bá sì fa omi tí ẹ bu òmíràn kún un, ṣe ló jókòó sí àyè ẹ̀. Díẹ̀ lára ẹ̀ wúlò, torí láìsí i, oòrùn ọ̀sán gangan lè jẹ ìdajì chlorine tán kí wákàtí kan tó pé. 30 sí 50 ppm ló dáa. Ìṣirò tí mo fọkàn tán ni pé free chlorine, ìyẹn èyí tí kò tíì lẹ̀ mọ́ ìdọ̀tí, kò gbọdọ̀ dín sí 7.5% iye cyanuric acid. Bí cyanuric acid bá jẹ́ 40, 3 ppm tó. Bó bá ti di 120, 9 ppm lẹ nílò.

Ìwé àyẹ̀wò kò ṣeé gbọ́kàn lé fún èyí. Ẹ wá ohun èlò àyẹ̀wò cyanuric acid tó ní ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú àmì dúdú nídìí. Ẹ po omi púùlù mọ́ oògùn rẹ̀ ní ìdajì-ìdajì, ẹ mì ín títí á fi funfun. Ẹ dúró níta, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín, kí ìgò wà níbi ìbàdí, kí ẹ máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń wò ó láti òkè. Ibi tí àmì dúdú bá ti pòórá, nọ́ńbà ibẹ̀ ni. Ẹ má ranjú mọ́ ọn. Ẹ wò ó fìrí kí ẹ gbójú kúrò, torí ẹni tó bá tẹjú mọ́ ọn á máa rí àmì tí kò sí mọ́. Bó bá pòórá ní 100 tàbí kó tó débẹ̀, ẹ fi omi ẹ̀rọ lú omi púùlù ní ìdajì-ìdajì, ẹ tún un wọ̀n, kí ẹ fi méjì sọ èsì náà di púpọ̀.

Mi ò mọ oògùn kan tó ń yọ ọ́ tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Omi lẹ máa yọ. Àmọ́ ẹ má fa púùlù inú ilẹ̀ gbẹ pátápátá: bí omi abẹ́ ilẹ̀ bá sún mọ́ òkè, ó lè ti odindi púùlù jáde. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni kẹ́ ẹ máa yọ, kí ẹ bu òmíràn kún un, kí pọ́ǹpù pò ó dáadáa. 120 á di 80, 80 á di 53, 53 á di bíi 36.

Ẹ wá ṣírò omi yín: gígùn, ìbú àti ìjìnlẹ̀ àárín ní mítà, ẹ fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀. 8 × 4 × 1.5 jẹ́ 48, ìyẹn lítà 48,000. 1 ppm nínú lítà 1,000 jẹ́ gíráàmù kan. Torí náà, gíráàmù 48 chlorine ògidì ló ń fún irú púùlù yẹn ní 1 ppm. Bó bá jẹ́ calcium hypochlorite 65%, ẹ fi 0.65 pín 48, ó di 74.

Trichlor ní ásíìdì nínú, á ti máa jẹ alkalinity yín wálẹ̀, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí pH omi ṣàdédé yí padà. Ẹ dá a padà sí àárín 80 sí 120 ppm: baking soda gíráàmù 17 fún lítà 1,000 ń gbé e sókè ní 10 ppm. pH, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó, ńkọ́? Ẹ fi sí 7.2. Bó bá ga jù, hydrochloric acid 31%, mílílítà 10 fún lítà 1,000, ni kẹ́ ẹ rọra dà síwájú ibi tí omi ti ń padà wọ púùlù, kí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́, kí ìbọ̀wọ́ àti awò ojú wà lára yín. Ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn wákàtí kan. Ẹ parí ti pH kẹ́ ẹ tó kan chlorine, torí bí chlorine bá ti ju 10 ppm lọ, àwọ̀ tí pH bá gbé jáde kò ṣeé gbà gbọ́ mọ́.

Nírọ̀lẹ́ tí oòrùn ti wọ̀, ẹ gbé free chlorine dé 40% cyanuric acid. Ẹ ka 36 yẹn sí 40, ó di 16 ppm, bíi kílò 1.2 lẹ́búlẹ́bú. Omi ni kó kọ́kọ́ wà nínú garawa, kí ẹ tó bu oògùn sí i. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha ògiri, àtẹ̀gùn àti ẹ̀yìn iná. Ẹ máa wọ̀n ọ́n ní wákàtí mélòó kan síra, bó bá ti wálẹ̀, ẹ dá a padà sí 16. Oògùn àyẹ̀wò chlorine tí wọ́n ń pè ní FAS-DPD, tí wọ́n ń ka ẹ̀kán rẹ̀, lẹ máa lò. Nínú omi mílílítà 10, ẹ̀kán kan jẹ́ 0.5 ppm. DPD aláwọ̀ pupa lásán lè tàn yín jẹ: chlorine tó pọ̀ jù á bó àwọ̀ náà, ẹ ó rò pé òdo ni.

Ọbẹ̀dò á kú, omi á wá rí kùrùkùrù. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń sáré ra oògùn mìíràn. Asẹ́ ló kù tó fẹ́ ṣiṣẹ́: ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù lọ tọ̀sán-tòru, bí géèjì tó ń wọn agbára omi nínú asẹ́ oníyanrìn bá sì ti fi 8 sí 10 psi ga ju ti ìgbà tó mọ́, ẹ ṣe backwash, ìyẹn kí omi gba ẹ̀yìn wọ asẹ́ kó fọ ìdọ̀tí rẹ̀ jáde, títí omi inú gíláàsì rẹ̀ á fi mọ́. Ó parí nígbà tí omi bá mọ́ kedere, tí combined chlorine, ìyẹn èyí tó ti lẹ̀ mọ́ ìdọ̀tí, kò ju 0.5 ppm lọ, tí free chlorine tó sì dín láti ìgbà tí oòrùn wọ̀ títí di kùtùkùtù kò ju 1 ppm lọ.

Láti ìgbà yẹn, chlorine olómi ni kẹ́ ẹ máa lò lójoojúmọ́. Lítà kan 10% ń fún lítà 48,000 ní bíi 2 ppm, kò sì fi cyanuric acid kún un. Ooru ń dín agbára rẹ̀ kù, ẹ má tọ́jú púpọ̀ pamọ́. Lẹ́búlẹ́bú náà dáa, àmọ́ calcium ló ń fi sílẹ̀, bíi 7 ppm fún chlorine 10 ppm, kẹ́ ẹ ṣọ́ ọ kó má kọjá 400. Hóró, ẹ fi í sílẹ̀ de ìgbà tí ẹ bá rìnrìn àjò, bí cyanuric acid bá sì ti kan 50, ẹ yọ ọ́ kúrò.