Hemofílíà kì í ṣe ẹlẹ́rìí panṣágà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Nígbà tí a kọ ọmọ mi nílà, ẹ̀jẹ̀ kò dá bọ̀rọ̀. Ó ti pé ọdún 3 báyìí. Bó bá ṣubú, orúnkún rẹ̀ á wú. Nílé ìwòsàn, wọ́n ní hemofílíà A ni, pé àìsàn ìdílé ni. Ìyá ọkọ mi ní kò sí irú rẹ̀ nílé àwọn rí, kí n lọ wá bàbá ọmọ mi. Oníṣègùn kan ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ ló tinrin, pé òun ní àgbo tó máa mú un ki. Ṣé ká gbà á? (Ìyá ọmọ kan, Kétu)

Ìdáhùn: Ẹ má gbà á. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín kò tinrin rárá. Àwọn èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú un dì níbi tí ara bá ti gbọgbẹ́, nọ́ńbà la fi ń pè wọ́n. Nọ́ńbà 8 ni kò tó lára rẹ̀, òun là ń pè ní hemofílíà A. Kò sí àgbo tó ń dá a padà.

Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín ló bí mi nínú, nítorí mo ń gbọ́ ọ léraléra, láti Àjàṣẹ́ dé Ṣábẹ́. Màmá, bí ẹ bá wà nítòsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sílẹ̀. X àti Y là ń pe àwọn ohun tín-ín-tín inú ara tó ń gbé àjogúnbá, tó sì ń pinnu bóyá ọmọ á jẹ́ akọ tàbí abo. Obìnrin ní X méjì, ọkùnrin ní X kan àti Y kan. Y ni bàbá ń fún ọmọkùnrin. X ọmọkùnrin, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti wá. Orí X yìí gan-an ni àbùkù hemofílíà wà. Bí gbogbo ilé ọkọ bá mọ́ bí omi òjò, ọmọ ṣì lè ní in. Kódà bí bàbá fúnra rẹ̀ bá jẹ́ alárùn náà, ọmọkùnrin rẹ̀ kò lè jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, "kò sí nílé wa" kò fi nǹkan kan hàn nípa ẹni tó bí ọmọ.

Ẹ má sì wá yí ẹ̀bi sórí ilé ìyàwó o. Nínú bí ẹni 3 tó ní in, ẹni 1 ni kò ní aláìsàn kankan nínú ìran ìyá rẹ̀. Àyípadà tuntun ló ṣẹlẹ̀.

Èmi kò tíì rí ọmọ náà, nítorí náà dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti wọn nọ́ńbà 8 náà, nítorí TCA, àyẹ̀wò tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, kò lè dá sọ irú hemofílíà tó jẹ́. Bí wọn kò bá lè ṣe é níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí CNHU, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Kútọnù. Aspirin àti ibuprofen, rárá. Paracetamol ni kí ẹ lò fún ìrora. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un lábẹ́rẹ́ ní ìdí láìjẹ́ pé ó mọ àìsàn yìí. Orúnkún tó wú, ẹ má wọ́ ọ, ẹ má fi omi gbígbóná jó o, ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí i: ẹ̀jẹ̀ ló ń dà sínú oríkèé náà. Bó bá fi orí gbá nǹkan, bí kò tilẹ̀ lọ́gbẹ́, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Bí ẹ bá tún lóyún, ẹ sọ fún agbẹ̀bí kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, kí olóòlà má fọwọ́ kàn án títí àyẹ̀wò yóò fi jáde.