Fáànù wo ló yẹ àpótí lésà tí a fọwọ́ ara wa kàn?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Akúrẹ́ ni mo wà, lọ́nà Ọ̀dá. Mò ń kan pirojẹ́kítọ̀ lésà aláwọ̀ mẹ́ta: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Àpapọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ wáàtì 3, òde àríyá ni mo fẹ́ máa gbé e lọ. Fáànù 80 mm méjì ni mo fi sí i, ọ̀kan ń fẹ́ wọlé, èkejì ń fẹ́ jáde. Síbẹ̀, bó bá ti tó ogún ìṣẹ́jú, pupa á máa kú lọ díẹ̀díẹ̀, ohun tó yẹ kó funfun á wá di búlúù tó fẹ́ jọ àwọ̀ ewé. Ṣé kí n fi fáànù kẹta kún un ni? Irú wo sì ni kí n rà?

Ìdáhùn

Ẹ kú àtinúdá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ra fáànù kẹta. Ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà nínú àpótí yẹn ni ká kọ́kọ́ tún ṣe.

Ìdí tó fi jẹ́ pupa ló kọ́kọ́ ń kú ni pé dáyódì pupa 638 nm (dáyódì ni ẹ̀yà kékeré tó ń mú ìtànṣán lésà jáde, nm ni wọ́n sì fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀) ni ooru ń dà láàmú jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bó ṣe ń gbóná sí i ni iná tó nílò kó tó tàn ń pọ̀ sí i. Driver yín, ìyẹn pátákó tó ń fún dáyódì níná, kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, iye iná kan náà ló ń fún un, ìmọ́lẹ̀ á bá máa relẹ̀. Búlúù 450 nm àti àwọ̀ ewé 520 nm máa ń fara dà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dáyódì yín kò tíì bàjẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lò ó báyìí lọ, yóò bàjẹ́.

Ẹ wá iye wáàtì tí gbogbo àpótí náà ń fà láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì. Yàtọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde, gbogbo rẹ̀ ló ń di ooru nínú ilé yẹn. Fún irú èyí tí ẹ ń kàn, dáyódì pẹ̀lú driver wọn lè fa nǹkan bíi 25, galvo (mọ́tò kéékèèké tó ń yí jígí láti fi ìtànṣán ya àwòrán) àti pátákó tó ń darí rẹ̀ nǹkan bíi 40, páwà sọ́pláì fúnra wọn á sì fi bíi 15 ṣòfò. Ẹ jẹ́ ká pè é ní 80. Ẹ sọ 80 di ìlọ́po 1.76, kí ẹ wá pín in sí iye dígírì tí ẹ lè gbà kí atẹ́gùn tó ń jáde fi gbóná ju ti yàrá lọ. Ọ̀sán oṣù kejì ní Akúrẹ́ lè tó 34°C. Bí a bá fi 10 kún un, ó di 44, ìyẹn sì ti pọ̀ jù fún pupa. Ẹ fi í sí 5: 1.76 lọ́nà 80, pín sí 5, ó lé díẹ̀ ní 28. Iye CFM tí ẹ nílò nìyẹn, ìyẹn ìwọ̀n atẹ́gùn tí wọ́n máa ń kọ sára páálí fáànù.

Ṣùgbọ́n iye tó wà lára páálí, ìgbà tí ohunkóhun kò dí fáànù lójú ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Tí asẹ́ eruku bá wà níwájú rẹ̀, tí heat sink (irin eléyín tó ń tú ooru dànù) sì wà lẹ́yìn rẹ̀, bí ìdajì ni ẹ ó rí gbà. Nítorí náà, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ nǹkan bíi 60 sí. Ẹ má sì ro 30 ti àkọ́kọ́ mọ́ 30 ti ìkejì kí ẹ ní ẹ ti ní 60. Atẹ́gùn kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń gbé, ọ̀kan ń gbé e wọlé, èkejì ń tì í síta. Fáànù 120 mm kan ṣoṣo tó ń yí jẹ́jẹ́ ni mo máa gbà yín nímọ̀ràn láti fi rọ́pò wọn. Ti 40 mm tó máa ń ké bí ẹ̀fọn, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fẹ́ atẹ́gùn sórí lésà àti jígí. Ẹ pín àpótí sí òkè àti ìsàlẹ̀. Pèpéle alumíníọ̀mù tó nípọn tó 10 mm ni yóò dá wọn sí méjì. Òkè ni dáyódì, àwọn jígí àti galvo yóò wà, kí ẹ fi rọ́bà dí gbogbo etí rẹ̀ pinpin. Ìsàlẹ̀ ni heat sink tí ẹ dè mọ́ abẹ́ pèpéle yẹn yóò wà, pẹ̀lú páwà sọ́pláì àti fáànù. Ooru á gba inú alumíníọ̀mù sọ̀ kalẹ̀, fáànù á sì gbé e dànù. Ọyẹ́ ni mo ń rò. Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, eruku tó ń fẹ́ kọjá ní Akúrẹ́ àti Oǹdó kúnná bí ìyẹ̀fun. Ọ̀kan ṣoṣo tó bá bà sójú jígí, níbi tí ìtànṣán lésà ti rí tínrín, á jó mọ́ ọn. Ẹ ó rí i bí àmì orí abẹ́rẹ́, ó dúdú, kò ṣeé nù kúrò. Ojú àmì yẹn á tún máa gba ooru sí i, títí jígí á fi sán. Ooru lè dín ìmọ́lẹ̀ kù fúngbà díẹ̀, eruku ní tirẹ̀ máa ń ba jígí jẹ́ pátápátá.

Ọ̀dà ooru tí ẹ máa fi sáàárín dáyódì àti pèpéle, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìgbà tí a ń fi òrí pa ọmọ lára ni, kì í ṣe bí ìgbà tí a ń rẹ́ ògiri. Tránsísítọ̀ pátákó galvo náà ní láti fara ti alumíníọ̀mù. Bí iná bá wà lára ẹ̀yìn irin rẹ̀, ẹ fi awẹ́ máíkà tínrín, tí kì í gbé iná kọjá, sí i láàárín, kó má baà gbaná lójijì.

Ẹ fi fáànù sí ẹnu ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, kó máa fẹ́ sí àárín eyín heat sink ní tààrà, kí ẹnu ìjáde sì wà ní òpin kejì. Bó bá jẹ́ pé ẹ ní kó máa fa atẹ́gùn jáde, gbogbo àlàfo ara àpótí ni eruku á máa gbà wọlé láìkọjá lára asẹ́. Asẹ́ náà, fóòmù ni kẹ́ ẹ lò. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lè dá kòkòrò dúró, kò lè dá eruku dúró. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó dá a padà.

Ihò ìjáde ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣì í. Ojú fáànù 120 mm, tí a bá yọ àárín rẹ̀ kúrò, tó nǹkan bíi 87 cm². Ihò 5 mm kan kò tó 0.2 cm². Bí ẹ bá lu 60, 12 cm² péré lẹ lu, fáànù á wulẹ̀ máa yí lórí asán ni. Ẹ gé ojú kan gbòòrò, kí ẹ fi irin alásẹ́ bò ó. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbé páànù kan tí ẹ kùn ní dúdú tí kò dán dí i lójú, kó jìnnà sí i díẹ̀, kí atẹ́gùn lè rí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n kí ìtànṣán lésà má rí ibì kankan yọ. Wáàtì 3 lè fọ́ ojú èèyàn kó tó ṣẹ́jú.

Tó bá kan ríra, ẹ ra fáànù DC 12 fóòtì, oníbọ́ọ̀lù bẹ́ríngì. Ti 220 fóòtì máa ń gbọ̀n, bí iná bá sì lọ sílẹ̀ lálẹ́, yíyí rẹ̀ náà á lọ sílẹ̀. Tòkunbọ̀ láti ara kọ̀ǹpútà dára bí ẹ bá mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò: ẹ fi ìka ta abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, kó yí pẹ́ láìdún, ẹ mú àárín rẹ̀ mì, kó má ṣe dẹ̀. Ẹ fún un ní páwà tirẹ̀, má ṣe fà á lára ti lésà. Rọ́bà ni kí ẹ fi dè é, kì í ṣe síkúrù wọnú irin ní tààrà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ jígí á máa gbọ̀n, àwòrán á máa jó lára ògiri.

Bí ẹ bá fẹ́ fi Peltier (awẹ́ pẹlẹbẹ tó ń lo iná, tí ojú rẹ̀ kan ń tutù, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbóná) mú pupa tutù, ẹ fura. TEC1-12706, irú Peltier kan, tí ẹ bá so mọ́ 12 fóòtì ní tààrà lè fi nǹkan bíi 50 wáàtì kún ooru tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan. Ní àsìkò òjò, ohun tó bá tutù ju nǹkan bíi 23°C lọ ní Akúrẹ́, ìrì á sẹ̀ sí i lára, omi á sì dúró lójú dáyódì. Ẹ fi kọ̀ntírólà dá a dúró sí 26. Bí ẹ bá ti pa lésà, ẹ jẹ́ kí fáànù ṣì máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí ooru ẹ̀yìn Peltier máa ń padà wá bá dáyódì.

Ẹ lẹ swíìṣì ooru KSD9700 ti 45°C, irú èyí tó máa ń já iná bó bá gbóná, mọ́ pèpéle lẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa. Ẹ gbé wáyà tó ń bọ́ driver lésà gba ibẹ̀, kì í ṣe ti fáànù. Ọjọ́ tí fáànù bá kú lóde àríyá, lésà á pa ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò. Ẹ dé e pa, ẹ wọ gíláàsì ààbò, ẹ tan funfun sára ògiri dúdú fún ìṣẹ́jú 45. Ẹ fi awẹ́ tíṣù kan sẹ́nu ìjáde, kó fẹ́ lẹ́lẹ́ síta. Bó bá kàn rọ̀ sílẹ̀ síbẹ̀, ihò ti kéré tàbí asẹ́ ti dí. Ẹ máa kọ ooru pèpéle sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Bí yàrá bá jẹ́ 30, tí pèpéle dúró sí nǹkan bíi 37 tí kò gòkè mọ́, ó ti dáa. Bó bá ṣì ń gòkè lẹ́yìn 45, ẹ padà sídìí ọ̀nà atẹ́gùn. Bí pèpéle bá tutù ṣùgbọ́n tí pupa ṣì ń kú, ẹ fi fáànù sílẹ̀: dáyódì ni kò fara kan pèpéle dáadáa. Ẹ tú síkúrù rẹ̀, ẹ nu ọ̀dà àtijọ́ kúrò, ẹ fi sáńpépà tó kúnná mú ojú méjèèjì tẹ́jú, kí ẹ tún ọ̀dà pa kí ẹ tó dè é padà.