Irin wo ló yẹ fún pọ́ǹṣì tí ojú rẹ̀ ń tètè kú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ilé iṣẹ́ kékeré ni mo ní n'Íbàdàn. Wáṣà la ń gé jáde lára irin pẹlẹbẹ tó nípọn 1.5 mm, fífẹ̀ wáṣà náà jẹ́ 30 mm, ihò àárín rẹ̀ sì jẹ́ 10 mm. Spring mọ́tò àlòkù la fi ń ṣe pọ́ǹṣì (irin tó ń gbá wáṣà jáde) àti dáì (irin oníhò tí pọ́ǹṣì ń wọ̀). Tí a bá ti gé bíi 3,000, ojú rẹ̀ á ti kú, wáṣà á sì máa yọ ẹ̀gún létí. Nígbà tí a mú un le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pọ́ǹṣì kékeré kán sí méjì. Wọ́n ní kí n lọ ra irin kan tí wọ́n ń pè ní D2. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé òun náà ni mo lè fi ṣe mọ́ọ̀dù ọmọrí ike tí oníbàárà kan ń bá mi sọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà. Ojú tó kú àti pọ́ǹṣì tó kán, àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, oògùn wọn kò sì jọra. Irin tí ojú rẹ̀ ń kú, jíjẹ ló ń jẹ. Èyí tó kán, ó ti le kọjá ohun tó lè fara dà. Ẹ fẹ́ wo ti àkọ́kọ́ sàn, ẹ wá fún irin náà ní oògùn tí kò lè gbé mì.

Nítorí náà, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ sórí D2, ẹ gbé pọ́ǹṣì àtijọ́ yẹn síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí etí rẹ̀ bá ti rí róbótó, tó ń dán bí ọṣẹ tí wọ́n ti fi wẹ̀, ó ń jẹ nìyẹn. Bí etí náà bá ṣẹ́ kéékèèké bí eyín tó kán, ó le jù, tàbí kí àlàfo tó wà láàárín pọ́ǹṣì àti dáì kéré jù. Bí orí rẹ̀ bá wú tó sì fẹ̀ bí olú, ó rọ̀ jù. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló jẹ, ẹ má wulẹ̀ ra irin kankan: pọ́ǹṣì kò dúró ṣánṣán lórí dáì ni, kò sì sí irin tó lè wo ìyẹn sàn. Ẹ tún wo ojú ibi tó ti kán gan-an. Bó bá kúnná bí eérú, iná tí ẹ fi sí i dára. Bó bá ń tàn yinrinyinrin bí hóró ṣúgà, iná ti pọ̀ jù fún un tàbí ó ti pẹ́ jù nínú rẹ̀, hóró inú irin ti wú. Irin tó bá rí bẹ́ẹ̀ yóò kán, ì báà jẹ́ èyí tó wọ́n jù lọ́jà.

Spring mọ́tò kì í ṣe irin burúkú. Wọ́n ṣe é kó lè tẹ̀ kó sì padà sípò ni. Kábọ́ọ̀nù (èròjà tó ń mú irin le) inú rẹ̀ kò ju bíi 0.6% lọ, kò sì ní ohun tí yóò gbà á lọ́wọ́ jíjẹ bí ẹ bá fi ń gé irin lójoojúmọ́. Èyí tó tún ń bà mí nínú jẹ́ nípa spring àlòkù ni pé ó lè ti ní ìlà tíntìntín lára látìgbà tó ti ń gbé ẹrù kiri. Ojú kò rí i, ìgbà tí ẹ bá rì í bọ epo ni yóò là.

D2 ní kábọ́ọ̀nù bíi 1.5% àti kírómíọ̀mù bíi 12%. Méjèèjì máa ń para pọ̀ di hóró líle tó fọ́n káàkiri inú irin bí òkúta gíránáìtì nínú kọnkéré. Àwọn hóró yìí ni kì í jẹ́ kí ojú rẹ̀ tètè kú. Àwọn náà ló sì ń jẹ́ kí etí rẹ̀ ya bó bá gbá nǹkan tó nípọn. Irin mìíràn tó ń jẹ́ O1 ní kábọ́ọ̀nù bíi 0.9%, ó máa ń jẹ ju D2 lọ, ṣùgbọ́n kì í tètè ya tó D2, ó sì rọrùn láti mú le. Àárín àwọn méjèèjì ni A2 wà, kírómíọ̀mù rẹ̀ jẹ́ bíi 5%. Bó bá jẹ́ irin tó nípọn tó 6 mm sókè lẹ fẹ́ gé, irin S7 ní 54 sí 57 HRC (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ bí irin ṣe le tó) ni, torí ó lè fara da gbígbá gan-an.

Fún wáṣà yín, O1 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ní 58 sí 60 HRC. Ìdí mi ni pé iná tí D2 ń fẹ́ ju èyí tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kékeré ní lọ, D2 tí wọn kò sì fún ní iná tó pé kò sàn ju spring lọ. Tí iṣẹ́ yín bá wọ 100,000 wáṣà sókè, ẹ wá fi D2 ṣe dáì àti pọ́ǹṣì ńlá, kí ẹ sì rán wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ìléru tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ fi O1 sílẹ̀ fún pọ́ǹṣì 10 mm.

Ẹ ṣírò àlàfo kí ẹ tó dá irin lẹ́bi. Fún irin rírọ̀, 6% sí 8% ìnípọn ni kí ẹ fi sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní 1.5 mm, ìyẹn jẹ́ 0.09 sí 0.12 mm; ẹ jẹ́ ká mú 0.1 mm. Pọ́ǹṣì ló ń pinnu ìwọ̀n ihò, torí náà pọ́ǹṣì á jẹ́ 10.0 mm, ihò dáì á jẹ́ 10.2 mm. Fún etí òde, dáì ló ń pinnu: dáì á jẹ́ 30.0 mm, pọ́ǹṣì á jẹ́ 29.8 mm. Ẹni tó bá ṣe é sódì, wáṣà rẹ̀ kò ní bá ìwọ̀n mu, àtúnṣe rẹ̀ sì nira lẹ́yìn tí irin bá ti le. Ní ti agbára, ẹ fi gígùn àyíká tí ẹ fẹ́ gé sọ ìnípọn di púpọ̀, kí ẹ tún fi 350 N (níútọ̀nù, ìwọ̀n agbára) fún mm² kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ di púpọ̀. Etí òde ń fẹ́ bíi 49,500 N, ihò ń fẹ́ bíi 16,500 N. Àpapọ̀ rẹ̀ sún mọ́ tọ́ọ̀nù 7, torí náà ẹ̀rọ pírẹ́ẹ̀sì tọ́ọ̀nù 10 lè gbé e.

Ibi iná ni ọ̀pọ̀ irin rere ti ń ṣègbé. Kí O1 tó wọ iná, ẹ fi 0.3 mm sílẹ̀ lára rẹ̀ fún gíráǹdà, kí ẹ sì sọ gbogbo igun inú rẹ̀ di róbótó, torí igun tó mú ni irin ti ń là. Ẹ kọ́kọ́ mú un gbóná dé 650 °C kó lè gbóná dénú, kí ẹ wá gbé e lọ sí 800 °C. Bí ẹ kò bá ní ohun tí ń ka ooru, òòfà lè ràn yín lọ́wọ́: ní nǹkan bíi 770 °C, òòfà kò ní gbá irin náà mú mọ́, ẹ fi iná díẹ̀ kún un lẹ́yìn náà, kí ẹ má jẹ́ kó kọjá àwọ̀ pupa dé àwọ̀ osàn. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún 20 sí 30 ìṣẹ́jú, kí ẹ rì í bọ epo tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi 50 °C, kí ẹ máa gbé e sókè sódò. Ẹ má ṣe rì í bọ omi rárá. Bó bá ti tutù tó èyí tí ọwọ́ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mú, ẹ má jẹ́ kó sùn mọ́jú: ẹ gbé e sínú ooru 200 °C lójú ẹsẹ̀ fún wákàtí méjì. Ìyẹn là ń pè ní tẹ́mípà, òun ló ń mú kí irin le láì gan. Ní 200 °C, ó máa ń wà ní nǹkan bíi 60 HRC. Ní 250 °C, bíi 58. Mo gbà pé àìṣe tẹ́mípà ló pa pọ́ǹṣì yín tó kán.

D2 ń fẹ́ bíi 1,020 °C, ojú lásán kò lè díwọ̀n ìyẹn. Ẹ gbọ́dọ̀ dì í sínú fọ́ìlì irin tí kì í dípẹtà kí afẹ́fẹ́ má bàa jẹ kábọ́ọ̀nù ara rẹ̀. Afẹ́fẹ́ lásán ló máa fi tutù, ẹ ó sì ṣe tẹ́mípà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Tí ẹ bá lọ sọ́jà irin, ì báà ṣe Owódé Onírin l'Ékòó, orúkọ lè dà rú mọ́ yín lójú. Irin tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní D2 ni àwọn ará Jámánì ń pè ní 1.2379, Japan sì ń pè é ní SKD11. Cr12MoV ti China sún mọ́ ọn. O1 ni 1.2510. Ẹ béèrè ìwé rẹ̀, kí ẹ sì fi gíráǹdà kan án díẹ̀: iná tó ń ta jáde lára D2 máa ń kúrú, ó sì pupa, ti irin lásán a máa gùn, a sì máa tàn yòò.

Ní ti mọ́ọ̀dù, ẹ má fi D2 ṣe é. Àwọn hóró líle inú rẹ̀ kì í jẹ́ kó dán dáadáa, bó bá sì fọ́, ó ṣòro láti wẹ́ẹ̀dì. Irin P20 ni ti ọmọrí ike, 1.2311 lọ́dọ̀ àwọn ará Jámánì. Ó ti le dé bíi 28 sí 32 HRC láti ilé iṣẹ́ tó ti wá, torí náà ẹ ò ní í tún gbé e sínú iná mọ́: ẹ gbẹ́ ẹ, ẹ dán an, ó tán. Bí ike náà bá ní gíláàsì nínú, yóò jẹ P20 kíákíá; ẹ lo irin H13 tí wọ́n mú le dé 48 sí 52 HRC. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ oníbàárà yín bóyá PVC ni ike rẹ̀, nítorí PVC tó bá gbóná jù máa ń tú ásíìdì jáde tó ń jẹ irin. Bó bá jẹ́ PVC, irin tí kì í dípẹtà bíi 1.2083 ni kí ẹ rà, kí ẹ sì ti fi iye rẹ̀ kún owó tí ẹ máa dá lé e.